Kílíìpù Kẹrin

"Bàbá Múti, ẹ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn dé o, òjò ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kò sọ pé ó dàbọ̀, kò sọ pé kí n tọ́jú ọmọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló sọ. Èmi náà dá a lóhùn láì gbójú sókè, mo ní, "Mo ti gbọ́." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì ni mò ń gbọ́.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣì jẹ́ pákó. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti pe ìrun àsùbáà ni ariwo ti ń sọ nísàlẹ̀, ọmọdé ń sunkún, wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n ń jà sí omi. Síbẹ̀, tí mo bá ti gun òkè, tí mo ti ilẹ̀kùn, ó dà bíi pé wọ́n gbé mi jù sínú àgbá. Ṣé èèyàn lè dá wà láàárín ogunlọ́gọ̀? Ẹ wá bi mí. Bí ọkọ bá kú, obìnrin a ṣe opó. Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá ni, àwọn èèyàn a máa wá bá a jókòó, wọn a sọ aṣọ tó máa wọ̀ fún un, wọn a sọ ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ọkùnrin ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fídáù, wọ́n kó àga, wọ́n tú àtíbàbà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, oníbàárà kan pè mí, ó ní ìgbà wo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù padà. Kí oṣù méjì tó pé, ẹ̀gbọ́n mi ti ń dárúkọ obìnrin kan fún mi, ó ní, "Ọkùnrin kì í dá gbé." Mo ní mo ti gbọ́. Ohun tí mo máa ń sọ náà nìyẹn.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń jẹun báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú yàrá, ibi tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí ń wò mí. Nínú ọkọ̀, èmi nìkan ni mo sábà máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tó ṣófo. Mo máa ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, mo máa ń wọ abẹ́ tapólì tí mo fi bo ọkọ̀ náà, mo máa jókòó nídìí sítíárì, mo máa jẹun tán, mo sì máa ṣì jókòó síbẹ̀. Ọkọ̀ tó dá mi lóró náà ni mo ń sá lọ bá.

Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń jẹun. Mo ń kó ẹrù oúnjẹ láti Mile 12 wá sí ọjà Sandgrouse, mo sì ń gbé tàwọn oníbàárà láti Sandgrouse lọ sí Ìkòyí: ìrẹsì, iṣu, ẹ̀wà, apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Télọ̀ ni ìyàwó mi. Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ló máa ń rán nínú yàrá wa lókè. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lókè, ẹ́ńjìnnì mi nísàlẹ̀. Ó máa ń sọ pé àwa méjèèjì là ń pariwo jù nínú ilé yẹn, pé ọpẹ́lọpẹ́ pé ilé bàbá bàbá mi ni, wọn ì bá ti lé wa jáde.

Ọdún tó kọjá ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹrù bá ti wúwo, tí mo bá kan ibi tí afárá ti ga, á rọ̀ wọ̀ọ̀, àwọn ọkọ̀ yòókù á máa fọn fèrè mọ́ mi lẹ́yìn. Tọ́fíìkì ni mẹkáníìkì mi, ọ̀rẹ́ mi sì ni, a jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama kan náà ni. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì rẹ ò ní ìṣòro. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń mu. Lọ wá íntákúlà." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní tọ́bò ló ń kó afẹ́fẹ́ jọ, tó ń fi tipátipá tì í sínú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tì í ni afẹ́fẹ́ náà ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́, kì í yó ẹ́ńjìnnì. Íntákúlà dà bíi rédíétọ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe omi. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà á fẹ́ sí i lára, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tutù, á ki, ẹ́ńjìnnì á sì mí kanlẹ̀. Ọkọ̀ tèmi ti pẹ́ jù, wọn ò fi í sí i nígbà tí wọ́n ṣe é. Mo bi í bóyá a lè gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì kó rọrùn. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Lórí ẹ́ńjìnnì? Láì lu bọ́nẹ́ẹ̀tì níhò kí atẹ́gùn wọlé? Ooru á sè é bí ẹ̀wà olóyin. Iwájú là ń gbé e sí, ọ̀gbẹ́ni, kí atẹ́gùn rí i."

Lọ́jọ́ yẹn náà, mo bá ìyàwó mi lórí àtẹ̀gùn. Ó gbé korobá omi kan, ó dúró ní àárín méjì, ó fọwọ́ ti ògiri. Mo gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé íntákúlà fún un bí a ṣe ń gòkè. Inú mi ń dùn. Ó gbọ́ mi dé òpin, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Múti, tí ẹ bá ti rí tọkọ̀, ẹ bá mi ra tèmi náà. Èmi náà ò mí kanlẹ̀ mọ́." Mo ní tirẹ̀ á jẹ́ ojúlówó tòkunbọ̀. Ó ní, "Ẹ má ra èyí tó ti jò fún mi o, mo mọ̀ yín." A jọ rẹ́rìn-ín títí a fi wọlé. Ṣé ẹ rí i? Ó sọ fún mi. Àwàdà ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Etí tí mo fi gbọ́ pé ọkọ̀ ò mí dáadáa, kí ló dé tí mi ò fi gbọ́ tirẹ̀?

Lẹ́yìn ìyẹn, ó sọ ọ́ láì ṣàwàdà. Ó ní ẹsẹ̀ òun máa ń wú nírọ̀lẹ́. Ó ní tí òun bá nà gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó máa ń dà bíi pé ẹnìkan jókòó lé òun láyà. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn. Ó ní báyìí náà ni ti ìyá òun ṣe bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́jọ́ kan tí kò dìde mọ́. Ó ní kí n bá òun lọ sí ọsibítù, ẹ̀rù ń ba òun láti dá lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ọkọ̀ yìí ná, pé Sátidé ló máa parí, tó bá di Mọ́ńdè èmi fúnra mi ni mo máa gbé e lọ, kò ní wọ ọkọ̀ èrò rárá. Mo tún ní kó má tíì sọ fún Mútíátù, ọmọ wa kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní Abẹ́òkúta, tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Mo ní kí a má dẹ́rù ba ọmọ. Ó gbà. Ẹlẹ́mìí ìrọ̀rùn ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Sátidé yẹn fi ń sún síwájú. Íntákúlà tí mo kọ́kọ́ rà fẹ̀ ju imú ọkọ̀ lọ, mo dá a padà. Èyí tí mo rà ṣe kejì wọlé, ṣùgbọ́n wẹ́dà jó páìpù rẹ̀ gba ibi tí kò yẹ, a ní láti gé e, ká tún un jó. Gbogbo ọjọ́ tí ń bẹ láàárín, tí mo bá délé, ọ̀rọ̀ páìpù ni mò ń sọ. Ìkún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ìkún ń rèdí. Ìkún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ló ń pani.

Nígbà tó fi di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A ti tú bọ́ńpà sílẹ̀, íntákúlà wà níwájú rédíétọ̀, páìpù kan láti tọ́bò wọ inú rẹ̀, páìpù kejì láti inú rẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Ibi mẹ́rin ni páìpù ti pàdé họ́ọ̀sì, kílíìpù mẹ́rin ló sì yẹ kó dè wọ́n. Mẹ́ta la rí tó dára. Tọ́fíìkì kìlọ̀ fún mi kó tó lọ: "Má sítáàtì ẹ̀ títí n ó fi mú kílíìpù kẹrin wá. Atẹ́gùn tí tọ́bò ń tì, kì í ṣe eré." Mo ní mo ti gbọ́. Ní Sátidé, kí agogo méjìlá tó lù, mo gé rọ́bà túùbù, mo fi so ibi kẹrin, mo sítáàtì ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ lásán ni mo fẹ́ gbọ́. Mo dúró níwájú ẹ́ńjìnnì, mò ń fọwọ́ fa wáyà tó ń mú un sáré, tọ́bò sì ń súfèé. Áà, ó dùn mọ́ mi! Ọkọ̀ mi ń mí. Ojú ọ̀run ti ṣú. Ìyàwó mi jáde wá ká aṣọ lórí okùn, ó gbé agbọ̀n aṣọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sọ ọ̀rọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, mo fún un lésì, ó wọlé. Mo tún fa wáyà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Kúdí tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ló gbọ́ nígbà tí agbọ̀n yí lórí àtẹ̀gùn. Kí n tó gbọ́ igbe rẹ̀, "Bàbá Múti! Bàbá Múti! Ìyàwó yín o!", wọ́n ti gbé ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo fò sínú ọkọ̀, mo fi í sí jíà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Rọ́bà túùbù já. Gbòà! Èéfín dúdú bo gbogbo ojúde. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Mo bọ́ sílẹ̀. Mi ò lọ sọ́dọ̀ ìyàwó mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀, mò ń fọwọ́ tá ilẹ̀ kiri, mò ń wá kílíìpù. Kílíìpù tí mo mọ̀ pé kò sí! Ìyá Kúdí ké mọ́ mi: "Kí lẹ ń wá nílẹ̀? Ẹ dìde, ẹ wá gbé ìyàwó yín!" Nígbà tí mo fi gbójú sókè, onímárúwá kan tó ń kọjá ti gbà á sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Ìyá Kúdí ti gbé orí rẹ̀ lé itan, wọ́n ti ń lọ. Èmi tí mo ní ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi sáré tẹ̀ lé Márúwá tó gbé ìyàwó mi. Òjò dé. Ó pa mí, ó sì pa ẹ́ńjìnnì tí mo ṣí sílẹ̀. Kí n tó dé ọsibítù, ìyàwó mi ti dákẹ́.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, mú mi jókòó. Ó ní ọkàn rẹ̀ ló ti tóbi jù, tó ti rẹ̀, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Ó bi mí, "Bàbá, ṣé wọ́n ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ wíwú? Kí èémí má délẹ̀?" Mo ní rárá. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Ó bi mí nípa ìyá rẹ̀. Ìyẹn ni mo sọ òótọ́ rẹ̀, pé ìyá náà ṣubú bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà kọ ìwé kan fún mi. Ó ní irú àìsàn ọkàn bẹ́ẹ̀ a máa rìn nínú ẹbí, kí ọmọ tí ìyàwó mi bí lọ ṣe àyẹ̀wò láì jáfara. "Tó bá jẹ́ obìnrin, Bàbá, kó ṣe é kó tó lóyún." Mo ká ìwé náà, mo fi sápò. Inú píjínhóòlù ọkọ̀ ló wà báyìí, níwájú ibi tí mo ti ń jẹun.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mútíátù dé lẹ́yìn tí a ti sin ín tán, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn. "Dádì, ṣé Mọ́mì ṣàìsàn ni? Ṣé wọ́n sọ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n?" Gbogbo ilé ń wò mí. Mo ní, "Rárá o. Ó kàn ṣubú ni. Àmúwá Ọlọ́run." Gbogbo ilé dáhùn pé àmúwá Ọlọ́run ni. Bí irọ́ ṣe rí àga jókòó nìyẹn. Láti ìgbà náà, ìwé dókítà di ohun tí mi ò lè mú jáde, torí pé ẹni tó bá kà á máa bi mí pé kí ni mo mọ̀, ìgbà wo ni mo sì ti mọ̀ ọ́n. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Mo mọ òwe náà. Mo rò pé mo ní ogún ọdún ni.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Tọ́fíìkì mú kílíìpù kẹrin wá. Ó fẹ́ so ó, mo ní kó fún mi, mo jù ú sínú píjínhóòlù pẹ̀lú ìwé. Mo wá bi í, "Tí họ́ọ̀sì bá já bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣé ọkọ̀ ò lè rìn mọ́ ni?" Ó wò mí títí. Mo ní kó má parọ́ fún mi. Ó ní, "Á rìn. Á máa tú èéfín, kò ní lágbára, ṣùgbọ́n láti ibí dé ọsibítù, á rìn." Ó ní, "Ọ̀rẹ́, kì í ṣe ọkọ̀ ló pa á." Mo ní, "Mo mọ̀." Mo sì mọ̀ lóòótọ́. Dókítà ti sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo ní. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò ní da yín láàmú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni Mútíátù máa ń pè mí. Òun nìkan ló ń pè mí tí kì í ṣe nítorí ẹrù. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀ báyìí, oyún àkọ́kọ́. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù bí ìyá rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Dádì, ẹ ò mọ̀ pé mo ti darúgbó. Kí n tó gun àtẹ̀gùn dé kíláàsì mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń dúró mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń kà á. Ìrọ̀rí méjì ni mo fi ń sùn. Wọ́n ní oyún ni." Mo di fóònù mú. Ẹ wo ohun tí mo sọ. Mo ní, "Oyún ni."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayé jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́ fún un pẹ̀lú oyún yẹn nínú, ṣé jìnnìjìnnì ò ní ṣe é ní jàǹbá? Ṣé ọkọ rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ yín á ti máa sọ pé kí ni bàbá yìí tún ń rò, kó tètè pè é. Òótọ́ lẹ sọ. Ó lè jẹ́ oyún ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nípa ti ìyá rẹ̀ náà nìyẹn, pé ó lè dúró di Mọ́ńdè. Mi ò ní tan yín: ẹ̀rù mìíràn wà nínú rẹ̀. Tí Mútíátù bá gbọ́ pé mo mọ̀, tí mo sì dákẹ́, bóyá ni fóònù mi tún máa dún ní ọjọ́ Jímọ̀. Ta ló wá kù fún mi?

Òní ni Ọjọ́bọ̀. Mi ò tíì so kílíìpù kẹrin. Mi ò tíì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn dé. Bó ṣe ṣí sílẹ̀ náà ni mo ta tapólì lé e. Agbọ̀n aṣọ ọjọ́ yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò tíì ká èyí tó wà nínú rẹ̀. Mi ò tíì yọ aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ tó kù lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ onímárúwá yẹn, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò tíì mú ìwé dókítà jáde nínú píjínhóòlù. Láti àárọ̀ ni mo ti gbé nọ́ńbà Mútíátù síwájú mi. Mi ò tíì pè é.